Físíìsì àti Ọmọbìnrin Agboolé Wa

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ìyá kì í yé bi mí bí mo bá ti sọ pé kí ọmọbìnrin wọn kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì. Wọn á ní, "Kí ni obìnrin fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tí ń fi owó èlùbọ́ rán ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí òun ń fi owó òun rà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gba àlàyé, àlàyé náà ni mo sì fẹ́ ṣe lóṣù yìí fún ẹ̀yin ìyá ọmọ àti ẹ̀yin aya tuntun.

Olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé ni mí, Bẹ́yẹrúnká sì ni agboolé bàbá mi wà. Oúnjẹ, aṣọ, owó ilé àti ìtọ́jú ọmọ ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ mi àti físíìsì kò lè pàdé láé, bí ìgbà tí a bá da epo sínú omi. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Físíìsì ni ìmọ̀ nípa ooru àti òtútù, ìmọ́lẹ̀ àti ohùn, ìwúwo àti ipá, òòfà àti iná mànàmáná. Ilé ìdáná ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé.

Ẹ wo àmù tí ìyá àgbà gbé sí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Amọ̀ rẹ̀ ní ihò tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ibẹ̀ yọ sí ara rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé omi náà lọ. Bí ó ti ń lọ ni ó ń kó ooru inú àmù lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù láìsí iná mànàmáná, tí ó sì máa ń tutù jù nígbà ọyẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ gbẹ. Ẹ tún wo ìkòkò ẹ̀wà. Bí omi bá ti hó, ẹ ìbáà fẹ́ iná sí i di ọ̀gànjọ́, kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbígbẹ ni yóò kàn máa gbẹ. Obìnrin tí ó bá mọ èyí yóò dín iná kù, yóò de ọmọrí, gáàsì rẹ̀ yóò sì pẹ́. Bí a bá sì dúró níwájú gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, tí a wo àwọn òrùlé páànù tí ó ti pọ́n láti ibẹ̀ dé Ọjà'ba, físíìsì náà ni a ń wò. Páànù ń gba ooru kíákíá, ó sì ń dà á sórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í tètè gbóná, ìdí sì nìyí tí yàrá ilé àtijọ́ fi ń tù wá lára lọ́sàn-án.

Láti Ọjà'ba dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ yìí dé góńgó kò ju nǹkan bíi kìlómítà 10 lọ. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Bẹẹrẹ, tó gba Mọ́kọ́lá àti Sáńgo, yóò dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ọdún 1948 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń fún ọmọ ní oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹlẹ́yẹlé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí àwọn ológun fi ṣe ilé ìwòsàn nígbà ogun, kí ó tó kó lọ síbi tó wà lónìí. Ní ọdún 1962 ni ó di yunifásítì tó dá dúró. Físíìsì wà lára ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀ka náà fi lókìkí láàárín àwọn onímọ̀ ayé, ibi tí Olúwa fi Ìbàdàn sí ni ó sì fà á. Lókè réré, ní nǹkan bíi kìlómítà 100 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára oòrùn ń sọ afẹ́fẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ di ohun tí iná mànàmáná lè gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ìgbì rédíò ti ń padà sílẹ̀, tí àwọn bàbá wa fi ń jókòó sí Bẹẹrẹ gbọ́ ìròyìn láti Lọ́ńdọ̀nù. Nítòsí ìlà tó pín òòfà ayé sí méjì, iná mànàmáná ńlá kan máa ń ṣàn lókè yìí lọ́sàn-án bí odò. Ọ̀mọ̀wé Sydney Chapman sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1951, ó pè é ní equatorial electrojet. Ìbàdàn kò jìnnà sí ìlà náà. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn olùkọ́ físíìsì Ìbàdàn ń rán ìgbì rédíò sókè, wọ́n sì ń ka àkókò tí ó fi ń padà bọ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé parapọ̀ ní ọdún 1957 sí 1958 láti wọn ayé àti òfurufú rẹ̀, àkọsílẹ̀ Ìbàdàn wà lára ohun tí wọ́n lò.

Ẹ̀yin ìyá lè sọ pé òkè ọ̀run jìnnà sí ọmọ tí ẹ pọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó súnmọ́ wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, ilẹ̀ Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Aṣálẹ̀ yìí kan náà ni ọyẹ́ ti ń gbé eruku wá bá wa, tí ń bà sórí aṣọ àti oúnjẹ. Irú àníyàn bẹ́ẹ̀ ló bí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì Ìbàdàn ní ọdún 1964, láti máa ṣọ́ ìtànṣán tó lè pa ènìyàn lára. Ní ọdún 2006, ilé ìwádìí àpapọ̀ lórí ìdáàbòbò kúrò lọ́wọ́ ìtànṣán bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀ka yìí ti wọn ìtànṣán nínú ilẹ̀, nínú omi àti nínú oúnjẹ wa. Kódà wọ́n ti wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Òkè-Ògùn láti wọn gáàsì radon, tí ń jáde láti inú àpáta àti ilẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún ọmọ mi kejì, eyín dà mí láàmú, wọ́n sì fẹ́ ya X-ray rẹ̀. Kí n tó jókòó ni mo ti sọ fún òṣìṣẹ́ náà pé oyún wà nínú mi. Ó bi mí ní ìbéèrè díẹ̀, ó sì fi aṣọ òjé bo ikùn mi. Báàjì kékeré kan wà ní àyà òun náà, tí ń gba àkọsílẹ̀ iye ìtànṣán tó bá kàn án. Ẹ̀kọ́ físíìsì ló bí aṣọ òjé àti báàjì wọ̀nyí. Nítorí náà, bí ẹ bá lóyún, tàbí tí nǹkan oṣù yín kò dé lásìkò, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ya yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sá fún èyí tí dókítà bá ní ó pọn dandan. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwòrán tí wọ́n ń ya láti wo ọmọ inú oyún kì í ṣe X-ray. Ohùn tí etí wa kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọlé, tí ó sì ń gbà padà, bí àwọn àdán kéékèèké ti ń fi ohùn mọ ọ̀nà lóru.

Kí ni ọmọbìnrin yóò wá fi ṣe? Ọdún 4 ni ẹni tó bá gba ìdánwò JAMB wọlé yóò fi kọ́ ọ. Ó gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú ẹ̀kọ́ 5, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nínú yàrá ìwádìí ni yóò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ooru, ìmọ́lẹ̀ àti iná. Lẹ́yìn náà ni yóò yan ọ̀nà tirẹ̀. Ẹni tó yan ìmọ̀ ilẹ̀ lè rán iná mànàmáná wọ inú ilẹ̀ láti mọ ibi tí a lè gbẹ́ kànga sí. Ẹni tó yan ìtànṣán àti ìlera lè ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, nítorí onímọ̀ físíìsì ló ń ṣírò iye ìtànṣán tí yóò pa jẹjẹrẹ ọmú láìpa aláìsàn. N kò ní tàn yín pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Ní ọdún 2022, oṣù 8 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi dáṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Sùúrù wà nínú ohun tí ọmọ yóò rù lọ.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé obìnrin tó mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ kò ní rí ọkọ. Ẹ rántí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, tó kọ ìtàn Ìbàdàn yìí gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Ìbàdàn, Olúmúyìwá Awẹ́, ni ọkọ rẹ̀. Ilé kan gba ìwé àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó ń dá ọmọbìnrin wa dúró, lójú tèmi, kì í ṣe ọpọlọ, kì í sì í ṣe ọkọ. Àkókò ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan ní agboolé wa ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ràn físíìsì, ṣùgbọ́n máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ìyá sì fẹ́ kí ó kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Mo mú bébà, a jùmọ̀ kọ iṣẹ́ ọjọ́ kan sílẹ̀. Ọmọ yìí ń pọn omi láàárọ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń ti ilé ìwé lọ sí ọjà, ó ń lọ ata, ó sì ń fọ abọ́. Agogo 10 alẹ́ ni ó tó ṣí ìwé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí ó fi ọdún kan jù lọ, ti kàwé tán, ó ti sùn.

Mo ní kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Tíṣà, ṣé ọkùnrin ni ẹ fẹ́ kó máa fọ abọ́?"

Mo dáhùn pé, "Ìyàwó wa, abọ́ kò mọ ọwọ́ ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin."

Mo sì sọ ìtàn Deborah Ajakaiye fún un. Jos ni wọ́n bí i sí. Àwọn òbí rẹ̀ pín iṣẹ́ ilé dọ́gba fún ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n sì rán gbogbo wọn lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó gba oyè físíìsì ní Ìbàdàn ní ọdún 1962, ó kẹ́kọ̀ọ́ síwájú nínú ìmọ̀ ilẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1980, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìmọ̀ rẹ̀ wúlò fún wíwá omi àti ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 2013 ẹ̀wẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Francisca Okeke ti Yunifásítì Nsukka gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO, tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé. Iná tí ń ṣàn lókè yẹn, tí àwọn ọkùnrin ń wọn ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, wà lára ohun tí ó fi gbà á.

Ìyàwó wa ní òun yóò dán an wò fún táàmù kan. Ọmọkùnrin náà kùn, ìyá àgbà náà kùn, ṣùgbọ́n abọ́ ń mọ́. Láti agogo 7 sí 9 alẹ́, ọmọbìnrin náà ní àkókò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é. Ó ti wọ SS2, ó ṣì wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Owó ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń kọ ìyá rẹ̀ lóminú, n kò sì lè ṣèlérí ohun tí JAMB yóò sọ. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ wọlé, kì í ṣe abọ́ ni yóò fà á.

Ẹ̀yin ìyá, bí ilẹ̀ bá ti ṣú lónìí, ẹ wo inú ilé yín. Ta ni ń fọ abọ́, ta ni sì ń kàwé? Ọwọ́ wa ni pípín iṣẹ́ náà wà, kò sì ní ná wa ní kọ́bọ̀.