Páàdì Bíréèkì àti Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti oyè tàbí ti ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ bíréèkì mọ́tò ni. Ẹni tí kò bá ní ọmọ tó ti tó wakọ̀ nílé lè rò pé kò kan òun, ṣùgbọ́n kí ó fara balẹ̀ kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà gbé wa dé ibi tí àwa náà kò fọkàn sí.

Iṣẹ́ oníṣirò owó ni à ń ṣe. Ṣikágò níhìn-ín ni a ti kàwé gboyè, Woodridge ni a sì ń gbé láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wà ní kékeré. Oníṣirò owó kì í fẹ́ràn ohun tó ń jẹ owó tí kì í bí owó. Nítorí náà, nígbà tí àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta tó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbé mọ́tò mi lọ sáré ní Joliet," ohun tí a kọ́kọ́ bi í ni pé èló ni.

Ìyá rẹ̀ kò béèrè iye owó. Ó ní òun kò bí ọmọ fún eré àsápajúdé.

Ọmọ náà fi sùúrù ṣàlàyé. Pápá eré mọ́tò kan wà ní Joliet tí wọ́n ń pè ní Autobahn Country Club. Route 53 tó gba Woodridge kọjá náà ló lọ dé Joliet, kò jìnnà rárá. Àwọn ẹgbẹ́ onímọ́tò a máa háyà ibẹ̀, wọn a sì jẹ́ kí ará ìlú gbé mọ́tò tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ wá. Kì í ṣe ìdíje, kò sí ẹni tó ń gba ife ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá jẹ́ àkọ́lọ, olùkọ́ yóò jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ máa sá a lórí I-355 ni?" Ìyá rẹ̀ kò dáhùn, nítorí gbogbo wa la máa ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń sáré níbẹ̀ lóru.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ayé òde òní ló gbé irú eré yìí dé. Ṣikágò yìí ni wọ́n ti sá eré ìje mọ́tò àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1895, láti ibí lọ sí Evanston àti àbọ̀, nínú yìnyín. Frank Duryea ló gbẹ̀yẹ. Ó lò ju wákàtí méje lọ fún nǹkan bíi máìlì mẹ́rìnléláàádọ́ta. Bíréèkì kọ́ ni ìṣòro ti wọn nígbà náà.

Ìṣòro tiwa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ wa fi páàdì tó fẹ́ rà hàn wá. Páàdì eré ìje gidi ni. Ó fẹ́ dè é mọ́ Honda Civic rẹ̀ kí ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀, kí ó máa fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ó tún fi lọ sí Joliet. A ní kí ó dúró ná. Bí a kò bá mọ ọjà, a kì í tijú láti béèrè. A bi mẹ́káníìkì tó ń tún mọ́tò wa ṣe, a bi àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀.

Páàdì ni ó ń fún irin roboto tó ń yí pẹ̀lú táyà mọ́ nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju pé kí ó sọ eré di ooru. Mọ́tò tó ń sá 120 máìlì ní wákàtí kan, agbára tó wà nínú eré rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì ti èyí tó ń sá 60, ìlọ́po mẹ́rin ni. Gbogbo rẹ̀ ni bíréèkì yóò gbé mì. Lójú títì, a lè tẹ bíréèkì líle lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ní pápá eré, kọ́nà kọ̀ọ̀kan ni, ìyípo dé ìyípo, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, láìsí ìsinmi. Irin náà lè gbóná títí yóò fi pọ́n bí ẹyin iná.

Páàdì ojú títì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ceramic, kì í pariwo, kì í da eruku púpọ̀, ó sì ń dìmú láti ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ooru bá kọjá agbára rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Páàdì eré ìje kò bẹ̀rù ooru. Ooru gan-an ló ń fẹ́. Kó tó gbóná, ó dà bí ẹni tí kò tíì jí lójú oorun. Ó tún ń ké, ó ń jẹ irin, eruku rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ rímù títí yóò fi dípẹtà. Ẹ wá ro òwúrọ̀ oṣù kìíní ní Woodridge, tí ohun gbogbo ti dì gbagidi, tí ìyá rẹ̀ wọ inú Civic yẹn nítorí pé tirẹ̀ kò jí, tí iná wá pọ́n lójijì ní 75th Street. Páàdì tí kò tíì jí lójú oorun ni yóò fi dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ wa kò rò.

Àwọn kan wà láàárín méjèèjì tí wọ́n ń tà fún ojú títì àti pápá. Ẹni tó lé eku méjì yóò pòfo, ni àwọn àgbà wí, ṣùgbọ́n a kò ní sọ pé wọ́n pòfo pátápátá. Fún mọ́tò fífúyẹ́ àti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, wọ́n lè tó. Àwa kàn kò fẹ́ "lè tó" ni.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, ọ̀gá kan ní ṣọ́ọ̀bù yí páàdì kan sí ẹ̀gbẹ́ tó fi lẹ́tà méjì hàn wá lára rẹ̀. Èkíní ń sọ bó ṣe ń dìmú nígbà tí kò gbóná púpọ̀, èkejì nígbà tó bá gbóná. E kéré sí F, F kéré sí G. A rò pé a ti rí ojútùú, àfi ìgbà tó ní ooru tí wọ́n fi ń dán èyí wò kò tó ti pápá eré. Nítorí náà lẹ́tà náà dára fún ẹni tó ń ra páàdì lásán, kò ṣe é gbára lé fún Joliet. Ó tún kìlọ̀ pé kí a má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku bíréèkì kúrò. Ọdún 2024 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de asbestos irú èyí tó ṣì ń wọlé nínú àwọn páàdì kan. A rántí iye ìgbà tí a ti rí mẹ́káníìkì nílé tó fi ẹnu fẹ́ ẹ, fúù, tó sì tún fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìpinnu wa nìyí: páàdì oríṣi méjì. Ti ojú títì yóò wà lára mọ́tò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, ọmọ yóò tú u, yóò fi ti pápá sí i, bó bá dé yóò dá ti àkọ́kọ́ padà. Epo bíréèkì náà ńkọ́? Epo yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé ìwọ̀n 230 Celsius, ṣùgbọ́n bó bá ti fa omi mu, ìwọ̀n tí òfin béèrè bọ́ sí 155. A ní kí ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Páàdì iwájú, $190. Epo, ìgò méjì, $36. Owó ìwọlé, $295. Àpapọ̀ $521. Ọmọ san owó ìwọlé, àwa san ti bíréèkì. Ọ̀pọ̀ ìwé ìnṣúránsì mọ́tò ni kò bo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní pápá eré, ẹ yẹ tiyín wò dáadáa kí ẹ tó gbà fún ọmọ. A sọ fún un pé bó bá fọ́ ọ, bọ́ọ̀sì ni yóò máa wọ̀.

Ó bi wá léèrè ìdí tí a fi ń ná owó lórí bíréèkì láìjiyàn, àwa tí a kì í ra bàtà láìwá ẹ̀dínwó. A kò dá a lóhùn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹfà ni a lọ. Wọ́n yẹ mọ́tò kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ó wọlé: páàdì, epo, táyà, gbogbo bóòtù. Olùkọ́ náà, obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti funfun, kọ́ ọmọ wa pé kí ó jẹ́ kí páàdì gbóná díẹ̀díẹ̀ ní ìyípo àkọ́kọ́, àti pé bó bá ti parí, kí ó má fa bíréèkì ọwọ́ sókè nígbà tí irin ṣì gbóná. Ó sá a, ó bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, tó ti sọ pé òun kò ní wá, jókòó sábẹ́ agboòrùn, ó ń ka ìyípo.

Nǹkan bí agogo méjìlá, mọ́tò ọmọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú èéfín lára táyà iwájú. Páàdì ojú títì ló gbé wá. Kò sí ẹni tó farapa, ó kàn sá wọ inú koríko ni. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbé òórùn náà dé ọ̀dọ̀ wa, ara wa sì bu máṣọ. A ti gbọ́ òórùn yẹn rí.

Ọdún 1989 ni, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àbúrò ìyá wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Bùrọ̀dá, ń fi Peugeot 504 rẹ̀ gbé wa láti Adó-Èkìtì lọ sí Iléṣà. Ọmọ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn, àwa tí à ń kọ èyí kò tíì pé ọdún méjìlá. Ẹni tó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Èrìn-Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí à ń wí. Ẹrù pọ̀ nínú mọ́tò, ọkọ̀ ńlá wà níwájú, Bùrọ̀dá ń tẹ bíréèkì ṣáá. Òórùn náà kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà Bùrọ̀dá pe Jésù, ó já jíà sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha ara òkè títí a fi dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Àwa ọmọ kò ju pé a fara bó lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mẹ́káníìkì rẹ̀ ti fi páàdì tuntun sí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, wọ́n jọ dàgbà ní Iléṣà ni. Gbogbo ẹbí ní ayédèrú ni páàdì náà, pé ó jẹ owó mọ́ ọn. Ọkùnrin náà fi irin búra. Bùrọ̀dá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

A sọ gbogbo èyí fún ọmọ wa níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi wá pé, "Ṣé pẹ́dàlì le tí mọ́tò ò dúró, àbí ó wọlẹ̀?" A ní kí ló dé. Ó ní bí páàdì bá yọ̀, pẹ́dàlì yóò le bí òkúta, mọ́tò yóò kàn máa lọ ni. Bó bá jẹ́ pé ó wọlẹ̀, epo ló hó, ó ti di afẹ́fẹ́ nínú páìpù. Páàdì kọ́.

A kò lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ Àìkú, a pe Bùrọ̀dá lórí fóònù. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọ̀pá ló fi ń rìn. A bi í. Ó ní, "Ó wọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fún un, ẹsẹ̀ mi ò bá nǹkan kan pàdé." A bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti pààrọ̀ epo bíréèkì mọ́tò náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń pààrọ̀ epo bíréèkì nígbà yẹn? Ṣebí fífi kún un ni." Ó wá dákẹ́, ó pẹ́ kí ó tó tún sọ̀rọ̀.

A kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé páàdì náà kì í ṣe ayédèrú. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, irin náà sì ti di àkùfọ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé wa ṣubú lọ́jọ́ náà, ó jọ pé omi inú epo ni, ojúṣe ẹni tó ni mọ́tò sì ni epo, kì í ṣe ti ẹni tó ta páàdì.

Bùrọ̀dá ní kí ọmọ náà tún un sọ fún òun, kí ó rọra sọ ọ́. Yorùbá ọmọ wa kò dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: omi, epo, iná, afẹ́fẹ́. Bùrọ̀dá ní mẹ́káníìkì náà ṣì wà láyé, ní Ìsọ̀kùn, ojú rẹ̀ ló kàn ń dùn ún. Ó ní ṣé ọmọ lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí òun lè mú un dání lọ.

Ọmọ kọ ọ́ ní ojú ewé kan pẹ̀lú àwòrán, àwa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìyá rẹ̀ tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, kí a tó lọ síbi iṣẹ́, a fi í ránṣẹ́.