Oúnjẹ Ìbọn: Láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́

Ebúté Ìpakodò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn yìí, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò wọ Ìkòròdú láti Èkó. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ti pọ̀ lórí àtẹ, ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé dání: ṣé ó yẹ kí ọdẹ ilẹ̀ wa, tàbí ẹnikẹ́ni tó ní ìbọn tí ìjọba fún un níwèé àṣẹ, ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún kátírììjì kì, kó gbé e ka tábìlì nílé, kó sì máa ṣe ọta ara rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe? Èrò mi ni pé agbára kò sí lára ìbọn, oúnjẹ rẹ̀ ló ni agbára, àti pé ẹni tí yóò bá máa se oúnjẹ náà, ojú ìlú ló yẹ kó ti máa sè é, kì í ṣe inú yàrá. Ọ̀nà tí mo gbà yìí fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ pè ní ẹlẹ́rìí, nítorí ohun tó kọjá lórí rẹ̀ láàrin 1851 sí 1892 fi hàn bí ọ̀ràn náà ti rí.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ohun mẹ́rin ló wà nínú kátírììjì: ìkòkò rẹ̀ tí í ṣe idẹ tàbí ike, kinní kékeré ìdí rẹ̀ tí ń ṣáná sí ẹ̀tù, ẹ̀tù fúnra rẹ̀, àti ọta tàbí àwọn ẹyọ òjé wẹ́wẹ́. Bí ìbọn bá dún, ẹ̀tù á jó, ọta á lọ, ìṣáná ìdí rẹ̀ á kú, ṣùgbọ́n ìkòkò á kù. Ó lè fẹ̀ díẹ̀, a sì lè fún un padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ àtúnkì dúró lé. Ẹ̀rọ tó rọrùn jù, ohun kan ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó ń lò ó á sì máa gbé ìkòkò kọ̀ọ̀kan wọlé, á máa gbé e jáde. Èyí tí mo ń sọ yàtọ̀. Àwo róbótó kan wà láàrin rẹ̀ tí àwọn ìkòkò tò yí ká. Bí a bá fa ọwọ́ ẹ̀rọ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan ń gba ìṣáná tuntun, òmíràn ń gba ẹ̀tù, òmíràn ń gba ọta, wọ́n sì ń fún ẹnu òmíràn pọ̀. Lẹ́yìn náà àwo á yí, kátírììjì kan tó ti parí á sì já bọ́ sínú agbọ̀n. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ ọn lè ṣe tó 400 láàrin wákàtí kan. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, mi ò fojú kékeré wò ó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń dè é mọ́ tábìlì tí kì í mì, wọn kì í gbé irú ẹ̀tù méjì sórí tábìlì kan náà, wọ́n sì ń dáwọ́ dúró láti fi òṣùwọ̀n wo ẹ̀tù léraléra. Ìdí wà tí wọ́n fi ń ṣọ́ra bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀tù bá bọ́ sínú ìkòkò kan lẹ́ẹ̀mejì, ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lójú. Bí kò bá sì bọ́ sí i rárá, agbára ìṣáná nìkan lè ti ọta dé àárín ọ̀pá ìbọn kó há síbẹ̀, tí wọ́n bá sì yin òmíràn tẹ̀lé e, ọ̀pá náà lè bẹ́. Yíyá tí ẹ̀rọ náà yá ló ń bí àṣìṣe yìí, nítorí ojú méjì kò lè ṣọ́ ibi mẹ́rin pọ̀. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ kí a mú dání kúrò ní Ìpakodò ni iye náà: 400 láàrin wákàtí kan, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, láìsí ìwé kankan tó mọ iye tó jáde.

Ní Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìbọn ti pẹ́. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì dí ọ̀nà kí ẹ̀tù àti ọta Èkó má baà dé Ìbàdàn. Àwọn ará Rẹ́mọ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Ìbàdàn, Ìkòròdú sì ni ẹnu ilẹ̀kùn náà létí ọ̀sà. Ìyẹn ló mú kí ọmọ ogun Ẹ̀gbá wá dó ti ìlú náà, tí wọ́n sì wà níbẹ̀ títí di 29 oṣù Kẹta 1865, nígbà tí Glover, tó ń ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, rán ọmọ ogun àti rọ́kẹ́ẹ̀tì jáde láti tú wọn ká. Ẹ wo ohun tó gbé Ẹ̀gbá dé ibẹ̀. Ìkòròdú kò gbé ogun wọ Abẹ́òkúta. Ọ̀nà tí ẹ̀tù ń gbà kọjá ni Ẹ̀gbá wá dí, nítorí àwọn jagunjagun ìgbà náà mọ̀ pé ẹgbẹ̀rún ìbọn tí kò ní ẹ̀tù kò ju ẹgbẹ̀rún ọ̀pá lọ. Àwọn àgbà wa béèrè pé bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun. Ní Ìkòròdú ọdún 1865, ohun tí ìhà méjèèjì ń bi ara wọn ni ta ló ní ẹ̀tù.

Láti Gáréèjì Ìkòròdú, mo gba ọ̀nà Itoikin tó kọjá lágbègbè Ìmọ̀ta, níbi tí ilé ìlọrẹsì ńlá ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà, tó sì lọ síhà Agbówà. Lápá ọ̀sà ní Èjìnrìn ni ọjà ńlá ayé àtijọ́ wà, ibi tí oníṣòwò Èkó àti ti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ibí ni mo fẹ́ ti sọ̀rọ̀ nípa ogun Kírìjì tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lórí àwọn òkè tó jìnnà síbí ni wọ́n ti jà á, nítorí ìbọn tó yí ogun náà padà, ọ̀nà Èkó ló gbà dé ibẹ̀. Kí ó tó dé, ṣakabùlà ni gbogbo ìhà ń lò, alágbẹ̀dẹ wa sì mọ ọ̀ràn ṣakabùlà dáadáa: wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń rọ ọta irin sínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tù rẹ̀ ń ti òkè òkun wá. Lẹ́yìn 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó dá owó jọ, wọ́n sì ra ìbọn tí ń ti ìdí gba ọta ránṣẹ́ sílé. Ìbàdàn jìyà rẹ̀ gan-an kí àwọn náà tó rí irú rẹ̀ rà. Snider wà lára àwọn ìbọn náà. Láti 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á fún ọmọ ogun wọn, kátírììjì idẹ tí Edward Boxer ṣe ní Woolwich ló sì ń jẹ. (Ìṣáná tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì yìí ṣe ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò títí dòní, tí Yúróòpù sì gba ti Hiram Berdan, ọmọ Amẹ́ríkà, mú. Ti Boxer ló rọrùn láti yọ kúrò kí a fi tuntun rọ́pò, ìyẹn sì jẹ́ ìdí kan tí àtúnkì fi gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà.) Láti ìgbà Snider ni ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wa ti kúrò nínú oúnjẹ ìbọn. Ẹni tó ní ṣakabùlà lè fi irin wẹ́wẹ́ kì í bí òjé bá tán, ṣùgbọ́n bí kátírììjì Snider bá tán, olóyè ogun á máa wo Èkó bí ọmọ tí ń wo ọmú. Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí. Ní 1890, ní Brussels, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé tó de títa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kátírììjì rẹ̀ fún apá tó pọ̀ jù nílẹ̀ Áfíríkà.

Nǹkan tí mo ń rò láti Itoikin títí dé Odómọlá ni àtakò àkọ́kọ́, pé Amẹ́ríkà ń ṣe é, kò sì pa wọ́n. Òótọ́ ni. Níbẹ̀, ẹni tó ń kì fún ara rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ àpapọ̀, ẹni tó bá fẹ́ máa tà á ni wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má mú Amẹ́ríkà nìkan wo. Ní Bìrìtéènì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àtúnkì bófin mu, síbẹ̀ òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ra ìṣáná ìdí kátírììjì gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ hàn tàbí kó ní ìdí mìíràn tí òfin mọ̀. Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún onílé, wọ́n sì di ohun tí kò lè fúnra rẹ̀ ṣe nílé mú. Àwa kò ní ìwé irú rẹ̀ tó ṣeé gbára lé. Bí ilé ṣe rí náà yàtọ̀. Ẹni tó ní gáréèjì tó dá dúró lẹ́yìn ilé lè kó ẹ̀tù díẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. Ní ilé alájùmọ̀gbé ní Ìkòròdú, sítóòfù kérosíìnì wà lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn fèrèsé, gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ọmọ ìdílé mẹ́fà sì ń sáré káàkiri. Ní 27 oṣù Kìíní 2002, ọta ìbọn ńlá tí àwọn ológun kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bú gbàù, èèyàn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí ọ̀pọ̀ wọn sì rì sínú ìṣàn omi Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá lọ lóru. Mo mọ̀ pé àpò ẹ̀tù kan nínú yàrá kò tó ilé ìṣúra ológun. Àmọ́ àwọn ológun ni wọ́n ń ṣọ́ ti Ìkẹjà, iṣẹ́ tí wọ́n sì kọ́ ni.

Àtakò kejì rinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ọ̀daràn kì í tún kátírììjì kì, rírà ló ń rà á, nítorí náà olóòótọ́ nìkan ni òfin ń fìyà jẹ. Létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni mo ti fẹ́ dáhùn, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ta ẹ̀jẹ̀ sí wa lára. Ní oṣù Karùn-ún 2017, àwọn agbébọn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìgbònlá, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ sínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ náà sì lo oṣù méjì kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Keje. Ẹni tó gbé inú ẹrẹ̀ fún oṣù méjì pẹ̀lú ìbọn nílò ẹni tí yóò máa gbé ọta wá fún un. Ọ̀nà kan tí ọlọ́pàá lè gbà mú irú wọn ni láti tẹ̀lé ọta náà padà sẹ́yìn, láti ẹrẹ̀ dé ọjà, láti ọjà dé ibodè. Bí ẹ̀rọ tí ń ṣe 400 láàrin wákàtí kan bá wà ní ilé mẹ́wàá nínú ìlú, ipasẹ̀ yẹn parẹ́. Ọ̀daràn tí kò kì í lónìí yóò kì í lọ́la, tàbí kó fipá mú ẹni tó mọ̀ ọ́n kì.

Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀ ló wá gbé àtakò tó le jù síwájú mi, n kò sì fẹ́ fò ó. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ ogun lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní òpin 1851, ibí ni ó sá wá, àdéhùn Ẹ̀pẹ́ ti 28 oṣù Kẹsàn-án 1854 sì fún un ní ebúté Palma àti Leckie. Apá kan ìlú ṣì ń jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ nítorí àwọn tó bá a wá. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún gúnlẹ̀ síbí ní oṣù Karùn-ún 1892, wọ́n sì gba Ẹ̀pẹ́ lọ bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọn. Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, Snider sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, síbẹ̀ ìbọn arọ̀jò-ọta Maxim àti rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣẹ́gun wọn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ẹnìkan lè wá sọ pé ìtàn tí mo ń pè ní ẹlẹ́rìí yìí lòdì sí mi: ẹni tí kò lè ṣe oúnjẹ ìbọn rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ́gun, nítorí náà kí gbogbo ilé kọ́ ọ ní ṣíṣe. Mo gba apá àkọ́kọ́, mo kọ èkejì. Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kò ṣaláìní ọlọ́gbọ́n alágbẹ̀dẹ ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé iṣẹ́ kan tí gbogbo wọn jọ ní, tí wọ́n jọ ń ṣírò ohun tó ń jáde nínú rẹ̀, ni wọn kò ní, dípò rẹ̀ ni wọ́n ń dínà ẹ̀tù mọ́ ara wọn. Nàìjíríà ti dá DICON, ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba, sílẹ̀ ní Kàdúná láti 1964 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kátírììjì ọdẹ bá wọ́n, ẹnu ọ̀nà irú ilé iṣẹ́ yẹn ló yẹ ká ti pariwo.

Òfin ìbọn tiwa, ti 1959, ti sọ ibi tí ó dúró sí. Kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ọta àfi ní ilé ìkóhun-ìjà ìjọba, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10 ló sì wà fún arúfin. Mo fara mọ́ ọn, mo sì bínú sí ohun tó fi sílẹ̀ láìṣe. Ní ọjà Olúwo, òyà àti ẹtu wà lórí àtẹ, ìyẹn ni pé ẹnìkan ti yin ìbọn nínú igbó lánàá. Bí ọ̀nà tó bófin mu láti rí kátírììjì bá dí mọ́ ọdẹ náà, ẹni tí ń gbé e kọjá láti Kùtọnu ni yóò máa bá a ṣòwò. Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe rọrùn: kí ìjọba gbé ẹ̀rọ àtúnkì sínú ilé ìkóhun-ìjà kan ní Ìkòròdú àti ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, kí ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ máa fà á, kí ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ máa kó òfìfo 25 wá kó sì gba 25 tó kún. Òfìfo tí kò bá padà, kó ṣàlàyé ibi tó wà. Wọ́n á ní ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ lè máa ta kátírììjì náà láti ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rù yẹn sì tọ́. Nítorí ìyẹn ni kò fi yẹ kí ìwé ìṣirò wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá nìkan: kí olórí ọdẹ ìlú ní tirẹ̀, kí ààfin ní tirẹ̀, kí wọ́n sì máa ka ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra wọn létí ní gbangba lóṣooṣù.