Owó Ìfẹ̀yìntì Láti Ìlú Ọba

Bàbá kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì padà sí Ìkọ̀yà. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru gan-an. Mo béèrè oògùn wọn. "Nọ́ọ̀sì, owó ni mò ń retí." Owó ti dúró!

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lókè òkun, kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹlẹ́rìí, bíi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ẹ kò bá dá a padà, owó lè dúró.

Ẹ lè gbà á sí báńkì nílé níbí. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ má rán ọmọ, torí ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe BVN tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. (Ìka àgbà tó ti bó máa ń yọ ẹ̀rọ yẹn lẹ́nu, ẹ ṣe sùúrù.) Kí orúkọ bá ti páśípọ́ọ̀tù mu. Ọ̀sẹ̀ 4 tàbí 13 ni wọ́n ń san án. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó mú 4.

Èyí tó dùn mí jù: ẹni tó fẹ̀yìn tì sí Jàmáíkà ń rí àfikún lọ́dọọdún, ẹni tó wá sí Nàìjíríà kì í rí i. Ẹ ṣírò owó oògùn mọ́ ọn kí ẹ tó kó ẹrù kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù.