Ta Ni Bíríkìlà Ṣọ́ọ̀ṣì Ifẹ̀-Ọ̀dàn?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìjọ Àgùdà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ọ̀dọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ yà sí, torí ibẹ̀ ni ọdún pọ̀ sí. Ọdún 1949 ni wọ́n yọ ìjọ Àgùdà Ọ̀yọ́ kúrò lábẹ́ ti Èkó. Ní 1963, Owen McCoy, ọ̀kan nínú àwọn míṣọ́nnárì White Fathers, di bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ọ̀yọ́. Julius Adélakùn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1973. Nígbà tó di 1995, ọdún kẹrin lẹ́yìn tí ìjọba dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, Òṣogbo gba dáyósíìsì tirẹ̀, Gabriel Abégúnrìn sì jókòó síbẹ̀. Abẹ́ Òṣogbo yẹn ni Èjìgbò àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn tó wà lágbègbè rẹ̀ bọ́ sí. Ìtàn parí nìyẹn, ojú ìwé kan péré, kò sì sí ilé ṣọ́ọ̀ṣì kankan nínú rẹ̀.

Ilé gan-an ni èmi fẹ́ béèrè. Ta ló yọ̀ǹda ilẹ̀? Ta ló gbẹ́ ìpìlẹ̀? Àwọn ìyá wo ló ru omi àti iyanrìn?

Ní Èkó pàápàá, fádà kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Kí Francesco Borghero tó yọjú síbẹ̀ ní 1863, àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé ti ń péjọ gbàdúrà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Padre Anthonio ló ń ṣáájú wọn, bẹ́ẹ̀ kò gba oyè àlùfáà rárá. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross níbẹ̀, Lazaro Borges da Silva àti Francisco Nobre, àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé, ló kọ́ ọ. Orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ méjì yìí kò parẹ́. Oríire ńlá ni. Ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọn ti rà mọ́lẹ̀.

Ẹlòmíràn tí mi ò lè gbàgbé ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, Ọ̀ṣun wa níbí. Ní 1947, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony dá ibi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Wọ́n pe Bándélé ọmọ Àrẹògún, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti ń gbẹ́ ère òrìṣà, pé kó wá gbẹ́ Màríà àti àwọn amòye ìlà-oòrùn fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Làmídì ti kọ́ṣẹ́. Àwọn amòye náà wọṣọ bí ọba Yorùbá! Àwọn kan ráhùn pé kèfèrí ti wọlé. Ọdún kẹrìndínlógún lẹ́yìn náà ni ìpàdé ńlá Vatican ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún èdè ìbílẹ̀ nínú Máàsì. Mùsùlùmí ni Làmídì, kò sì yí padà. Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009 ló kú.

Ní agbègbè Èjìgbò, pé Mùsùlùmí ṣiṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì kò ní yani lẹ́nu. Àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti 1855, mọ́ṣáláṣí sì wà káàkiri. Bíríkìlà tó mọ ògiri mọ́ṣáláṣí lánàá ló lè mọ ti ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ògiri rẹ̀ dúró ṣánṣán.

Owó ńkọ́? Láti ìran dé ìran ni àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Abidjan, a kò sì lè sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ nílé ká yọ àwọn ará ọ̀hún sílẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà yẹn náà ni Basilíkà Yamoussoukro wà, tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní 1990. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó ni iṣẹ́ yẹn: Ààrẹ Houphouët-Boigny ni, wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ sára gíláàsì fèrèsé ibẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n ya bíríkìlà Ifẹ̀-Ọ̀dàn sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìrántí àjọ̀dún tí àwọn ìjọ wa máa ń tẹ̀, tí fọ́tò bíṣọ́ọ̀bù ń gba odindi ojú ìwé, ìlà méjì tó fún un, pẹ̀lú orúkọ ìyá tó ń gbé omi fún un.