Àádọ́rin Kì í Ṣe Àádọ́rùn-ún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí, ìjẹ́wọ́ ni apá kan rẹ̀, ẹ̀kọ́ ni apá kejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á.

Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ wa ni ìwé owó ìrànwọ́ ìsìnkú ẹgbẹ́ wa wà. Nítorí pé akọ̀wé rélùwéè ni wá, ẹgbẹ́ gbà pé ìṣirò kò lè ṣòro fún wa. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀, a sì ń fi yangàn. Ọwọ́ Ìyá Akápò ni owó wà. Màmá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Kàdúná yìí kí a tó bí wa. Bí ó bá ti gba owó lọ́wọ́ àwọn obìnrin, yóò sọ iye rẹ̀ fún wa lẹ́nu, àwa yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a ṣírò owó ní ìparí ọdún, ìwé wa ní ₦200,000 ló yẹ kí ó wà nílẹ̀. Owó tí Màmá kó jáde jẹ́ ₦180,000. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan ń wo ilẹ̀, àwọn kan ń wo Màmá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, iye tí ẹ dá ni mo kó wá yìí." Àwa dáhùn pé ìwé kì í parọ́. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Màmá kò wá. Wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Gbogbo wa mọ irú àìsàn tí ó jẹ́.

Ní àkókò náà, ìyá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun tí ìyàwó wa bí. Ní ọ̀sán Sátidé kan, òun àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó ní ilé ìdáná, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tí a ó fi ṣe mọ́ínmọ́ín. Ọmọ yìí mọ ìṣirò ilé ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fi Hausa ka owó lọ́jà, ṣùgbọ́n kò lè ka Yorùbá kọjá ogún. Ìyá wa bá ń kó ẹ̀wà jọ lógún lógún. Òkìtì méjì, ogójì. Mẹ́ta, ọgọ́ta. Mẹ́rin, ọgọ́rin. Márùn-ún, ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn náà ó ya ẹyọ mẹ́wàá kúrò nínú òkìtì mẹ́rin, ó ní, "Àádọ́rin nìyí."

Àwa tí a dúró lẹ́nu ọ̀nà bi í pé, "Màmá, ṣé kì í ṣe pé a fi mẹ́wàá kún ọgọ́rin ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ní ń fi kún un? A yọ ọ́ ni. Tí o bá yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àádọ́rùn-ún nìyẹn."

Ara wa bù máṣọ. A sáré lọ mú ìwé. Ní oṣù kẹsàn-án, Ìyá Akápò ti sọ fún wa pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ni àwọn obìnrin dá. ₦90,000 ni àwa kọ. Àṣìṣe náà kò ti ọwọ́ Màmá wá rárá. Ìwé tí kì í parọ́ ló pa á, ọwọ́ wa ló sì fi pa á.

A lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Akọ̀wé, dìde. Ojú ẹgbẹ́ ni o ti sọ ọ́, ojú ẹgbẹ́ náà ni kí o ti tún un ṣe." A sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ó nira ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé láyé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn a di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá a di ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Kò sí kálàmù ńbẹ̀. Nígbà tí náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, àwọn ìyá ọlọ́jà kò dáwọ́ ọjà dúró. Ọ̀kẹ́ kan gẹ́lẹ́ ni àwa fẹ́ dì lé aláìṣẹ̀ lórí.

Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀, títí kan ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. A kò lè retí irú rẹ̀ ní ilé ìwé Òkè Ọya, nítorí náà ilé ìdáná ni kí ó di kíláàsì wa.

Láti ìsinsìnyí lọ, ènìyàn méjì yóò máa ka owó ẹgbẹ́ kí a tó kọ ọ́. A ó kọ iye rẹ̀ ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, a ó kà á sí etí Ìyá Akápò, òun yóò sì tẹ̀ka sí i. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà, ẹ pe àwọn ọmọ. Kí àwọn bàbá náà jókòó tì wọ́n.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Màmá ti padà sí ìpàdé. Òun náà ló gbé ọmọ wa tuntun jó.