Ẹ wo káàdì yín kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ oògùn àti oúnjẹ la sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ káàdì ni mo gbé wá lónìí, nítorí ohun tójú mi rí lọ́dún 2019.

Àbúrò mi obìnrin ló pè mí láti Àbújá lálẹ́ ọjọ́ kan. Oyún rẹ̀ ti pé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Àwọn dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ò sí nílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí n dá wọ yàrá yẹn o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọmọ mi bá mi ra tíkẹ́ẹ̀tì, orúkọ ọkọ mi tí gbogbo ayé fi ń pè mí ló kọ síbẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ìkẹjà láàárọ̀, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo káàdì ìdìbò mi, ó mirí. Orúkọ bàbá mi ló ṣì wà lórí káàdì. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, orúkọ méjèèjì ò bára mu." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, kò gbà. Ká sòótọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àwa náà kì í fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára bí orúkọ ara àpò ẹ̀jẹ̀ ò bá bá ti fáìlì mu.

Ojú mi ni bàálù náà ṣe gbéra. Ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó wa tí ọkọ mi sáré gbé wá ló yọ mí. Mo sanwó kún owó, wọ́n fi mí sí ti ọ̀sán. Kí n tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti ṣe é tán. Ìyá àti ọmọ wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmọ́ òun nìkan ló fọwọ́ síwèé, òun nìkan ló wọlé. Bí mo bá rántí, ó ṣì máa ń dùn mí.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ bàálù nínú Nàìjíríà, ẹ mú ojúlówó ọ̀kan dání nínú ìwọ̀nyí: páàsípọ́ọ̀tù, káàdì ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí ìwé NIN, láísẹ́ẹ̀nsì awakọ̀, tàbí káàdì ìdìbò. Ẹ rí i pé ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá. Kí orúkọ tó wà níbẹ̀ àti ti tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ mú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ dání. Ẹ̀yin aboyún, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù máa ń béèrè ìwé dókítà bí oyún bá ti tó ọ̀sẹ̀ 28, ẹ tètè gbà á. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tẹ́ ẹ ti yí orúkọ padà, ẹ gbé ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó yín lọ sí ọ́fíìsì NIMC, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Káàdì ni kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.