Awò Ojú Bàámi

Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, àmọ́ èmi ò mọ bó ṣe jinlẹ̀ tó àfìgbà tí ọmọ ọkọ̀ bàbá mi wá fẹjọ́ bàbá sùn mí. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín.

Bọ́ọ̀sì ni bàámi ń wà, Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Láàárọ̀ tó bá ń lọ, oòrùn á dojú kọ ọ́. Nírọ̀lẹ́ tó bá ń bọ̀ wálé, oòrùn kan náà á tún ti lọ dúró dè é níwájú. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, oòrùn sì yọ lójijì. Títì wá ń dán bíi dígí. Bí wọ́n ṣe kọjá afárá Àsẹ́jìrẹ́, bàámi ò rí ìyá kan tó pọnmọ, tó ń sọdá. Ọmọ ọkọ̀ ló pariwo. Orí ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó fara pa. Bàámi délé, kò sọ ǹkan kan. Ọmọ ọkọ̀ ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Brọ̀dá, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o. Bàbá ò rí obìnrin yẹn rárá."

Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo ní ₦12,000 kan tí mo tọ́jú. Awò ìgbàlódé ni mo fẹ́ fi rà fún pátì ìkẹ́kọ̀ọ́jáde wa, kí èmi náà lè jọ èèyàn nínú fọ́tò. Mo ní kò burú, awò náà ni n ó rà, ojú tó máa wọ̀ ọ́ nìkan ló yí padà.

Mo gba Ìwó Road lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá gbé ọ̀kan fún mi tó dúdú bí ìdí ìkòkò, wọ́n lẹ bébà "polarised" mọ́ ọn. ₦3,000 ni mo san, inú mi ń dùn bọ̀ wá sí hóstẹ̀lì.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá, tó ń ka Físíìsì, rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé dúdú ni polarised?" Ó gbé kakulétọ̀ rẹ̀ jáde, ó tan án, ó ní kí n wò ó láti inú awò náà, kí n máa yí awò náà díẹ̀díẹ̀. Mo yí i títí, nọ́ńbà ò kúrò níbẹ̀. Ó ní ká ní ojúlówó ni, ó níbi tí mo máa yí i dé tí ojú kakulétọ̀ yẹn á ṣókùnkùn pátápátá.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára títì tàbí lára omi, ìbú ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń wá. Awò polarised dà bí ẹnu ọ̀nà tóóró: ẹni tó bá gbé igi ní ìbú ò lè gbabẹ̀ wọlé, àfi ẹni tó bá gbé e dúró lóòró. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Malus, ló kíyè sí irú ìmọ́lẹ̀ báyìí lára fèrèsé ní 1808. Edwin Land ará Amẹ́ríkà sì rí ọgbọ́n dá sí i ní 1929, tó fi di abala tín-ín-rín tí a lè fi ṣe awò.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé awò dúdú tí ò lè dí ìtànṣán UV lè burú ju kéèyàn má lo awò lọ. Òkùnkùn rẹ̀ á jẹ́ kí ọmọlójú ṣí sílẹ̀, ìtànṣán yẹn á sì rí àyè wọlé. Polarised lọ́tọ̀, UV400 lọ́tọ̀. Àwọn méjèèjì ló yẹ kéèyàn bèèrè.

Mo padà lọ. Oníṣòwò yẹn ní ọjà tóun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Mo dákẹ́, mo kọjá sọ́dọ̀ bàbá àgbà kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ jẹ́ kí n dán an wò." Wọ́n gbé méjì fún mi. Mo fi ọ̀kan lé èkejì, mo yí ọ̀kan dúró lóòró, ibi tí wọ́n ti pàdé dúdú bí èédú. Mo yan aláwọ̀ eérú, kó má yí àwọ̀ iná títì padà. Mi ò sì mú èyí tí wọ́n kọ 4 sí lára, torí ó ti dúdú jù, wọn kì í fi wakọ̀. ₦8,000 ni.

Bàámi wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé o fẹ́ sọ mí di ọmọ ìta ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n lò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n pè mí lórí fóònù: "Àṣé ìlà funfun wà láàárín títì yìí!"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ti oòrùn ti lọ. Àmọ́ tó bá dalẹ́, iná ọkọ̀ ṣì máa ń fọ́n ká lójú ọ̀tún mi."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí bàámi sọ pé ohun kan ń ṣe ojú àwọn rí. Dẹ́rẹ́bà tó bá ní òun ò ríran, ta ló máa wọ ọkọ̀ rẹ̀? A lọ sí ọsibítù ojú. Kataráàtì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní awò oòrùn ò lè wò ó sàn, ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ lò ó lóru láé. Ní báyìí, bàámi ti ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, títí di ìgbà tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ.

Mo rò pé awò ni mo rà fún wọn. Àṣé ẹnu tí wọ́n máa fi sọ̀rọ̀ náà ni mo rà.

Tí ẹ bá rí fọ́tò pátì wa, èmi ni mo ń ṣẹ́jú sí oòrùn yẹn. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ ra awò, ẹ mú kakulétọ̀ dání lọ sọ́jà.